Ilé Kì í Sanra

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa mọ ohun tó yẹ ká tọ́jú àti ohun tó yẹ ká dà nù. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti wà ní yàrá fáìlì ilé ìwòsàn, fáìlì kan ò sì sọnù lọ́wọ́ mi rí. Tí fáìlì bá ti lo ọdún mẹ́wàá lórí pẹpẹ tí ẹni tó ni ín ò yọjú, èmi ni mo máa ń yọ ọ́ kúrò, àánú rẹ̀ kì í sì í ṣe mí. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ mí ní Ìyá Gbálẹ̀. Inú mi dùn sí orúkọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń pè é.

Torí náà, nígbà tí onílé sọ fún Màmá pé òun fẹ́ wó ilé òun kóun tún un kọ́, tó sì fún un ní oṣù mẹ́ta kó fi palẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí kí n tó gba iṣẹ́ náà. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìyẹ. Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá ń bọ̀. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, ọkọ mi tó ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn kì í lò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ nílé lóṣù, yàrá kan sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Mo kùn ún lọ́dà, mo ra aṣọ fèrèsé tuntun sí i, mo sì ń sọ fún gbogbo ayé pé Màmá ń bọ̀ wá sinmi.

Ẹrù Màmá ló kù.

Télọ̀ ni Màmá. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi ránṣọ nínú ilé oníyàrá méjì àti pálọ̀ yẹn, mi ò sì rò pé ó da abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ pàápàá nù rí. Àpò àjákù aṣọ mẹ́tàdínlógún ló wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra wọn kan àjà. Agolo bọ́tìnnì wà lábẹ́ ibùsùn, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tún wà nínú ìkòkò tí kò ní ìdérí. Ẹ̀yìn gbogbo ilẹ̀kùn ni bébà tó fi ń gé aṣọ kọ́ sí lára ìṣó, débi pé tó o bá ṣílẹ̀kùn lójijì, kọ́là ẹnì kan tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ lè gbá ẹ lójú. Máṣíìnì méjì ló ní. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ti dákẹ́ láti ìgbà tí mo ṣì wà níléèwé.

Àárín pálọ̀ ni tábìlì ìgéṣọ wà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni gígùn rẹ̀, igi líle ni wọ́n fi kàn án, ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n sì ti gbẹ́ ihò ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀, láìsí ìṣó kan ṣoṣo. Bàbá wa ló ní kí wọ́n kàn án fún Màmá lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàbá kú, àbúrò mi ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Orí tábìlì yẹn ni Màmá ti gé aṣọ tó fi tọ́ wa, abẹ́ rẹ̀ làwa náà ti ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, tí ègé aṣọ ń já lé wa lórí.

Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú aṣọ ìbùsùn mẹ́ta, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ ní pálọ̀.

"Màmá, ẹ wò ó dáadáa. Funfun ni tàwọn ohun tó ń bá wa lọ. Aláwọ̀ ewé ni tàwọn ohun tá a fẹ́ fi tọrẹ. Pupa ni tàwọn ohun tá a máa dà nù. Gbogbo nǹkan ilé yìí gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan etí aṣọ pupa. "Ta ló ṣẹ́ etí èyí? Ó wọ́."

"Mo rà á ni, Màmá."

"Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ."

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárín wákàtí kan, mo ti kó àpò mẹ́fà sórí pupa. Mo lọ mu omi. Nígbà tí mo fi máa dé, ó ti ku mẹ́rin. Mo gbé máṣíìnì tó ti kú sórí pupa pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo yíjú kí n sín, nígbà tí mo yíjú padà, orí funfun ló wà.

"Ẹsẹ̀ ló fi rìn débẹ̀ ni?" ni mo bi Màmá.

"Bóyá inú ló bí i," ni Màmá fèsì. Ó mú agolo kan, ó ń mì ín jìgìjìgì sétí bíi pé ó ń gbọ́ ìròyìn nínú rẹ̀.

Àbúrò mi, tí iṣẹ́ iná mànàmáná ni iṣẹ́ rẹ̀, ló yẹ kó máa ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ ẹ̀rín ni iṣẹ́ tó gbà ṣe lọ́jọ́ náà. Òun ló rí ṣòkòtò ìgbéyàwó kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, aláwọ̀ eérú, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì fi bébà wé e. Ẹni tó ni ín ò wá gbà á.

"Ó ní òun ń bọ̀," ni Màmá sọ.

"Ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Ọdún kọkànlélógún nìyí."

"Màmá, ọkùnrin yìí ò ní wá mọ́. Bóyá ìyàwó náà ò tiẹ̀ wá."

"Mi ò bá a dá ọjọ́," ni Màmá wí, ó gbé ṣòkòtò náà sórí funfun. Àbúrò mi wọ̀ ọ́ wò, ó bá a mu rẹ́gí. Ó bẹ Màmá pé kó jẹ́ kóun máa bá ọkùnrin náà tọ́jú rẹ̀ sára. Ohun kan ṣoṣo tó kúrò nílé lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, lẹ́yìn odindi ọjọ́ kan. Níbi iṣẹ́ mi, pẹpẹ méjì ni mo máa ń tú palẹ̀ láàárín àkókò yẹn. Mo padà sílé pẹ̀lú orí fífọ́.

Ní Sátidé kejì, ọ̀rọ̀ wa dé orí tábìlì.

"Èyí ò lè bá wa lọ, Màmá," ni mo sọ. "Yàrá yín ò gbà á."

Màmá fa ìwé ìwọ̀n rẹ̀ yọ, ìwé tó máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ó já ewé kan níbẹ̀, ó nà án sí mi. "Mo ti lọ wọn yàrá náà nílé rẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nígbà tó o wà níbi iṣẹ́. Àbúrò rẹ ló ṣílẹ̀kùn fún mi."

Mo wo àbúrò mi. Ó ń wo àjà.

Lórí ìwé náà, pẹ̀lú ọwọ́ Màmá tó máa ń tò nǹkan tẹ̀lé ara wọn, ni mo ti kà á pé ògiri abẹ́ fèrèsé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án àti ínṣì méjì. Tábìlì náà máa wọ abẹ́ fèrèsé láti ògiri dé ògiri, ínṣì méjì á ṣẹ́ kù. Ibùsùn á lọ sí òdìkejì. Máṣíìnì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Ó ti ya gbogbo rẹ̀.

"Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, Màmá," ni mo sọ. "Ṣebí ìsinmi lẹ̀ ń bọ̀ wá sinmi."

"Ìsinmi wo?" Màmá jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì. "Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Kí ni n ó máa ṣe nílé rẹ tí mi ò bá ní tábìlì? Kí n máa jókòó sétí ibùsùn, kó o máa gbé tíì wá fún mi, kí n máa béèrè pé aago mélòó ló lù? Oníbàárà mẹ́fà ni mo ṣì ní, wọ́n mọwọ́ mi. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́wọ́ òfo, àlejò ni mí. Àlejò tí kò sì ní ilé tó máa padà sí."

"Ta ló máa pè yín lálejò nílé mi?"

"Ìwọ kọ́. Èmi ni n ó máa pe ara mi bẹ́ẹ̀."

Màmá wá ná mi bí ẹni ń ná aṣọ. Ó ní gbogbo ohun tó wà nínú ilé náà, àpò, agolo, bébà, kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tó bá wù mí ni kí n kó wọn sí, òun ò ní gbé nǹkan kan kúrò lórí pupa mọ́. Tábìlì nìkan ló gbọ́dọ̀ bá òun lọ.

Mo tún ìwé náà wò. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, kò sẹ́ni tó dá aṣọ padà fún Màmá rí pé ó fún òun. Tí Màmá bá sọ pé bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó nìyí, ta ni mí? Mo gbà. Mi ò tiẹ̀ fi tépù kan ògiri ara mi. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti jàre.

Màmá ò yẹ àdéhùn. A ṣílẹ̀kùn pálọ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ sì ń rọ́ gìrìgìrì bíi ti ọjà gbàǹjo. Àwọn ará àdúgbò kó bọ́tìnnì, wọ́n kó kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n kó ìjókòó. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe gba máṣíìnì tó ti kú, ó ní táyà rẹ̀ wúlò fóun. Màmá ń fún wọn, ó sì ń sọ ìtàn ohun kọ̀ọ̀kan fún wọn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ kó tó parí ìtàn. Mo ka àpò tó kúrò, mẹ́tàdínlógún pé. Mo fẹ́ràn Màmá lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni fẹ́ràn òṣìṣẹ́ rere.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lóye. Ìrọ̀rí méjì ni Màmá ní tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí à ń kẹ́rù, mẹ́sàn-án ni mo kà. Mo gbé ọ̀kan, ó wúwo bí ọmọ ọdún méjì.

"Màmá, kí ló wà nínú ìrọ̀rí yìí?"

"Ohun tó máa ń wà nínú ìrọ̀rí ni."

Àpò tó kúrò pé mẹ́tàdínlógún lóòótọ́. Mi ò kàn bi ara mi léèrè pé báwo ni wọ́n ṣe fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo wo Màmá, Màmá wo ìta. Mo gbé ìrọ̀rí sínú ọkọ̀.

Awakọ̀ tó bá wa kẹ́rù jẹ́ ọkùnrin sísanra kan tó máa ń kọrin sínú imú. Òun àti àbúrò mi ni wọ́n gbé tábìlì. Àbúrò mi wọ ṣòkòtò ìgbéyàwó náà wá síbi iṣẹ́ ẹrù, ó ní ṣòkòtò náà ti dúró de ayẹyẹ fún ọdún mọ́kànlélógún, kóun má fi dù ú. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ní "ó yá", ṣòkòtò ya láti ìdí dé ìgbànú. Màmá rọra lọ sẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó yẹ ojú ibi tó ya wò.

"Òwú ló gbó," ni Màmá sọ. "Rírán mi kọ́."

A dé ilé mi lọ́sàn-án. Wọ́n dojú tábìlì kọ ẹ̀gbẹ́, wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọlé, wọ́n yí i, wọ́n gbé apá òsì kan ògiri. Apá ọ̀tún kọ̀. Wọ́n tún un gbé. Ó kọ̀. Wọ́n gbé apá ọ̀tún wọlé, apá òsì kọ̀. Awakọ̀ dákẹ́ orin.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mú tépù Màmá, mo sì fi wọn ògiri abẹ́ fèrèsé. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ àti ínṣì mẹ́wàá. Mo tún un wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ló wà. Mo yọ ìwé Màmá nínú báàgì mi.

"Màmá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án àti ínṣì méjì lẹ kọ síbí. Ibo lẹ ti rí ínṣì mẹ́rin tó lé?"

"Mo fi sí i ni," ni Màmá dáhùn.

"Ẹ fi sí i?"

"Méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì." Ó ń wò mí bíi pé èmi ni mi ò mọ iṣẹ́. "Ta ló ń wọn nǹkan tí kì í fi àyè sí i? Tó o bá gé e ní rẹ́gí, tí ẹni náà bá jẹun yó, kí ló fẹ́ ṣe?"

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀, nínú ṣòkòtò rẹ̀ tó ti ya.

"Màmá," ni mo sọ, "èèyàn ló máa ń sanra. Ilé kì í sanra."

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àbúrò mi tẹ̀ lé e, èmi náà ò lè mú un mọ́ra. A rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ fi di ògiri mú. Ìgbà tí mo nu ojú tán ni mo tó rí i pé Màmá ò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ń wo tépù ọwọ́ mi. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ìwọ̀n yẹn ló ń bọ́ wa, kò sì tíì tàn án rí.

"Ẹ má da ara yín láàmú," ni Màmá sọ nígbà tó yá. "Ẹ lọ mú ayùn wá. Ínṣì méjì péré ni. Ẹ gé e."

Àbúrò mi dìde. "Màmá, wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ìpẹ̀kun ni. Tá a bá gé ìpẹ̀kun, ihò ẹsẹ̀ la gé yẹn. Kò ní lè dúró mọ́."

"Ẹ gbé e ti ògiri, ògiri á gbà á dúró."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ní dúró tẹ́ ẹ bá ń gé aṣọ lórí rẹ̀."

"Mo ní kí ẹ gé e."

Wọ́n gbé tábìlì padà sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Àbúrò mi lọ mú ayùn nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Màmá yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó fi tépù wọn ínṣì méjì láti etí, ó sì fa ìlà. Ìlà náà tọ́ gbọọrọ, funfun báláú lórí igi dúdú, bó ṣe máa ń fà á sórí aṣọ oníbàárà. Ó wá lọ jókòó sórí ìrọ̀rí kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó kẹ̀yìn sí wa.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń fẹ́ kí tábìlì yìí ṣègbé. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn rárá. Aṣọ iléèwé kan ni mo ń rántí, tí Màmá rán fún mi lọ́dún tí Bàbá kú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wọ̀ ọ́, nítorí Màmá ti ká aṣọ tó pọ̀ sínú etí rẹ̀, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún bí mo ṣe ń ga. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ra tuntun, èmi ń ga sínú tèmi. Aṣọ náà ò fún mi lọ́jọ́ kan.

Mo yíjú, mo wo inú pálọ̀ mi. Àga tìmùtìmù márùn-ún ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ wàrà, ọ̀kan gùn, mẹ́rin kúrú, wọ́n sì gba gbogbo ilẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn kọjá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wò wọ́n lójú fèrèsé ìsọ̀ kí n tó rà wọ́n. Ọdún mẹ́rin rèé tí wọ́n ti wà nínú ilé, mi ò tíì yọ ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn. Ọkọ mi ní ó máa ń lẹ̀ mọ́ òun lára, ó máa ń lọ jẹun ní ilé ìdáná. Èmi náà, lórí àpótí ilé ìdáná ni mo máa ń jókòó. Ká ní fáìlì ni wọ́n, mi ò bá ti yọ wọ́n lórí pẹpẹ tipẹ́. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Àbúrò mi ti gbé ayùn lé orí ìlà.

"Dúró," ni mo sọ. "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

Mo lọ síbi ẹrù, mo tú ìkòkò tí mo fi aṣọ aláwọ̀ ewé dì, mo sì tẹ́ aṣọ náà, ti ìtọrẹ, sáàárín ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Ẹ bá mi kó àga wọ̀nyẹn jáde. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọkọ mi. Ìwọ mú èyí tó gùn."

Awakọ̀ na ọrùn wọ pálọ̀. "Mẹ́ta tó kù ńkọ́, Àǹtí? Ṣé ẹ̀ ń tọrẹ wọn lóòótọ́?"

"Ṣé ẹ ní àyè nílé?"

"Mo máa wá a," ni awakọ̀ sọ. Ó sì ti gbé ọ̀kan kó tó sọ ọ́ tán.

Màmá ti dìde. "Àga rẹ? Àga tó o fi ọdún mẹ́ta sọ̀rọ̀ rẹ̀? Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọjọ́ tí mo wọlé rẹ gan-an ni mo tú u palẹ̀."

"Màmá, ìgbà wo lẹ rí mi tí mo jókòó sórí wọn rí?"

Màmá ronú. "Mo rò pé ò ń pa wọ́n mọ́ de àlejò."

"Àlejò ò wá. Ẹ̀yin lẹ wá, ẹ kì í sì í ṣe àlejò." Mo gbé ọwọ́ lé tábìlì. "Mi ò lè máa wò yín létí ibùsùn lójoojúmọ́, Màmá. Mi ò lè fara dà á. Ẹ jẹ́ kí tábìlì wà ní pálọ̀."

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ìlà ṣọ́ọ̀kì kúrò lórí igi, ó nù ún títí kò fi ku nǹkan kan.

Kí wọ́n tó gbé tábìlì, mo ní ká kọ́kọ́ wọn pálọ̀. Mo di orí tépù mú lápá kan, Màmá fà á dé òdìkejì, ó kúnlẹ̀, ó súnmọ́ ọn kó lè rí nọ́ńbà.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá," ni Màmá ké.

"Ṣé ẹ fi nǹkan sí i?"

Ó tún tépù náà wò. "Mi ò fi nǹkan sí i. Àmọ́ ó wù mí."

Tábìlì wọlé wẹ́rẹ́. Ó dúró sábẹ́ fèrèsé pálọ̀, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ sì bọ́ sórí rẹ̀ dáadáa, ó dára ju ti ilé àtijọ́ lọ. Nígbà tí awakọ̀ àti àbúrò mi lọ tán, èmi àti Màmá jókòó sórí ìrọ̀rí nílẹ̀, à ń mu tíì. Mo tú ojú ìrán ọ̀kan, àjákù aṣọ yọ lójú ẹ̀: búlúù, yẹ́lò, kọ́là aṣọ mi kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ki aṣọ náà padà sínú rẹ̀, Màmá mú abẹ́rẹ́, ó rán an.

Ọkọ mi pè lórí fóònù nírọ̀lẹ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ fi àga kan sílẹ̀ fún mi?"

"Ọ̀kan."

"Ẹ bá mi yọ ọ̀rá ara rẹ̀ o."

Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá tẹ́ aṣọ ìbùsùn pupa mi sórí tábìlì, ó tú etí rẹ̀ látòkèdélẹ̀, ó sì tún un ṣẹ́. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń rí wíwọ́ rẹ̀ lójú orun. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí tábìlì náà ṣe nílé mi nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti wọ bàtà iṣẹ́, mo ń wá kọ́kọ́rọ́, nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin àgbà kan ni, ó há aṣọ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá mọ́ abíyá, ó ti rìn títí òógùn fi bò ó. Mo dá a mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mẹ́fà náà ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ti kan ilẹ̀kùn mẹ́rin láàárọ̀ yìí," ni obìnrin náà sọ. "Ṣé ibí nilé ọ̀gá yàrá fáìlì ilé ìwòsàn? Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni télọ̀ mi kó lọ."

Màmá ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń yọ píìnì kúrò lẹ́nu. "Ìwọ nìyẹn? Máa bọ̀. Ilé ọmọ mi..."

"Rárá, Màmá," ni mo sọ. Mo ṣílẹ̀kùn gbayawu kí obìnrin náà lè rí tábìlì láti ìta. "Ilé télọ̀ nìyí. Ẹ wọlé, mà."

Obìnrin náà wọlé, ó ń wá ibi tó máa jókòó. Mo gbé ìrọ̀rí kan fún un, èyí tó wúwo jù, mo sì lọ síbi iṣẹ́.